Ìlà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kánádà,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èrèlé, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí Màmá náà. Mo mọ̀ pé etí yín kò gba fóònù mọ́, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí kí Mary lè tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ara mi le, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Wọ́n ní mo jí ìwé wò nínú ìdánwò kálkúlọ́ọ̀sì.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé èmi nìkan kọ́ ni ọmọ ilé wa nínú kíláàsì yẹn. Àhmádù ará Àrán-Ọ̀rin wà níbẹ̀, ọmọ Àǹtí Nímọ́tà tí ẹ kọ́ ní Èsìẹ́ láyé ọjọ́sí. Àhmádù yìí ló máa ń wá fún lẹ́sìn ìsinmi ní pálọ̀ yín, tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Ìbéèrè kẹta gba pé kí a lo ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú ogójì ìlà ìṣirò tí ẹ ní kí a há sórí. N kò tilẹ̀ ronú. Ọwọ́ mi kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kà á nígbà tí mo bá ń gbá iwájú ilé láàárọ̀: ìdajì x, yọ sáìnì ìlọ́po méjì x tí a fi méjì pín. Mo kọ L27 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, nítorí ẹ kọ́ wa pé kí a máa kọ nọ́ńbà ìlà tí a bá lò. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn.

Ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni Àhmádù kọ. L27, ìlà méjì lábẹ́, méjì ló fi pín. Olùkọ́ wa ní mẹ́rin ló yẹ kí a fi pín, kì í ṣe méjì. Ó ní nínú igba ó lé mẹ́wàá akẹ́kọ̀ọ́, àwa méjèèjì nìkan ló ṣe àṣìṣe yẹn, àwa nìkan ló sì kọ L27 tí kò sí nínú ìwé kankan tí òun mọ̀. Ó gbà pé bóyá ìwé ìkọ̀kọ̀ kan wà lọ́wọ́ wa, tàbí pé ẹnì kan wo ti ẹnì kejì.

Wọ́n ti ní kí a má wọ kíláàsì náà mọ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ wa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà. Bí wọ́n bá dá wa lẹ́bi, wọ́n máa lé wa, ìwé ìgbélùú wa á sì bá a lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Mary ya àwòrán ogójì ìlà tí ẹ kọ sórí káádíbọ́ọ̀dù, èyí tó wà lára ògiri pálọ̀, kí ẹ sì kọ lẹ́tà kékeré tẹ̀lé e pé ẹ̀yin lẹ kọ́ àwa méjèèjì. Àdírẹ́sì ìmeèlì ìgbìmọ̀ náà wà nísàlẹ̀.

Ẹ má pẹ́ o, Bàbá mi.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí


Òmù-Àrán,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Èrèlé, 2025

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mary ló kọ́kọ́ kà á, nítorí inú ẹ̀rọ rẹ̀ ló ti jáde. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù náà, ó ti ń wò mí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á yọ Àǹtí Ọ̀pẹ́." Nínú ìlú tí mo ti ń jẹ́ Tíṣà. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀rọ̀ náà á ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti ń retí rẹ̀.

Mo fi bírò pupa máàkì lẹ́tà rẹ kí n tó fèsì. Márùn-ún nínú mẹ́wàá. O kò béèrè orúnkún mi, gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi kí ìyá rẹ, o sì fi ohun tí o fẹ́ gbà sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Wàyí o, èmi kò kọ́ ẹnikẹ́ni pé kó fi méjì pín. Mẹ́rin ni. Ìbá ṣe pé o di ogójì ìlà mú bí mo ṣe fi lé ọ lọ́wọ́, mẹ́rin ni ìwọ ìbá kọ, ìwọ ìbá sì wà ní kíláàsì lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn sí mi. O gbàgbé, o yọjú wo ìwé Àhmádù, Àhmádù náà sì ti gbàgbé. Afọ́jú ń fa afọ́jú, ẹ wá jọ bọ́ sí kòtò.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró níwájú pátákó. Mo kọ́ ọmọ ní Èsìẹ́, mo kọ́ ọmọ ní Òmùpo, mo wá parí rẹ̀ sí Òmù-Àrán níbí. Àwọn kan ti di dókítà nínú wọn, àwọn kan ń kọ́ afárá. Kò sí ọ̀kan tó kọ̀wé sí mi pé ìlà kan kò tọ̀nà. Ìwọ tí mo bí ni o kọ́kọ́ máa kọ ọ́. Ìwọ náà mọ òfin mi: ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó kọ àtúnṣe rẹ̀ nígbà ogún, kó sì mú un wá kí n máàkì í. N kò rí àtúnṣe kankan nínú lẹ́tà rẹ. Ẹ̀sùn ni mo rí.

N kò ní kọ̀wé sí òyìnbó láti ti olè ìdánwò lẹ́yìn. Sọ òtítọ́ fún mi ná. Ṣé o wo ìwé ọmọ yẹn àbí o kò wò ó?

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéyanjú


Kánádà,
Ogúnjọ́ oṣù Èrèlé, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúnkún yín ńkọ́? Màmá ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Ewúrẹ́ tó lóyún nígbà tí mo pè lọ́dún tuntun, ṣé ó ti bí? Mo ti béèrè gbogbo rẹ̀ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní márùn-ún tó kù ká lè sọ̀rọ̀.

N kò wo ìwé Àhmádù. Bí ilé wa ṣe jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi àti ẹ̀ jìnnà síra nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ká tilẹ̀ sọ pé a sún mọ́ra, èmi àti Àhmádù kì í ṣe ọ̀rẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti fi í ṣe olórí lẹ́sìn, tó ń kọ orúkọ mi sílẹ̀ lójoojúmọ́ pé mo ń pariwo, a kì í kí ara wa ju "báwo ni" lọ. Ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn yìí so wá pọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè mí. Ó ń sunkún lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ kò tíì mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, ẹ bá mi ro ó. Igba ó lé mẹ́wàá ènìyàn ló ṣe ìdánwò. Àwọn méjì tó jẹ́ pé pálọ̀ kan náà ni wọ́n ti kọ́ ìṣirò ṣe àṣìṣe kan náà, wọ́n sì kọ nọ́ńbà kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ wa ló tún kọ́ wa ní ìṣirò ìṣeéṣe ní sáà tó kọjá. Ó ní kí irú èyí ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, kò lè tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún. Òótọ́ ló sọ, kò ṣèèṣì. Ibi tó ń wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Bàbá mi, mo mọ bí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe wúwo tó. Méjì ló wà lára ògiri yẹn. Mo kà á láàárọ̀ lálẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ mú awò ojú yín, ẹ lọ wo ìlà náà. Ẹ má wo èyí tó wà nínú orí yín. Ẹ wo èyí tó wà lára ògiri.

Ọjọ́ méjìlélógún ló kù.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí


Òmù-Àrán,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí,

Tíransífọ́mà àdúgbò Mary jó, kò sí iná ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, mo ní iṣẹ́ díẹ̀ tí mo ń ṣe.

Orúnkún mi ṣì ń dùn mí. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú.

Mo ti fi ogójì ìlà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ yín. Mo tún un kọ lódindi sórí fúlúsíkáàpù tuntun, nítorí káádíbọ́ọ̀dù yẹn ti ń ṣá. Mo fi rúlà fa àlà rẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì kọ ọdún tí mo wọ iṣẹ́ àti ọdún tí mo fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e sọ pé èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin méjèèjì, àti pé ohun tó wà nínú ìwé náà ni mo fi kọ́ yín.

Mo wo ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

N kò ní ohun mìíràn láti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Máa gbàdúrà, kí o sì máa jẹun.

Bàbá rẹ,
Adéyanjú


Òmù-Àrán,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Ọ̀pẹ́ mi, Àwẹ̀ró,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Èmi ìyá rẹ ni. Mo ń sọ ọ́ lẹ́nu, Mary ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ rò pé mo wá lọ èlùbọ́ ni. Òtútù kò pa ọ́ jù, àbí? Ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè gbé sùn. Bàbá rẹ ka lẹ́tà rẹ kejì tán, ó dìde, ó mú awò ojú, ó lọ dúró níwájú ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo pè é wá jẹun, kò wá, mo ṣe bí etí rẹ̀ ni. Ìgbà tó yá, ó kó ìwé jáde, ó ń ṣe ìṣirò. Ó ń ṣe é, ó ń fà á ya, ó tún ń ṣe òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti ìpàdé àwọn obìnrin dé, mo bá a lórí àga, ó ń fi abẹ tuntun fá ara káádíbọ́ọ̀dù yẹn, bó ṣe máa ń fá àṣìṣe inú rẹjísítà nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fá nǹkan kan kúrò, ó kọ nǹkan mìíràn sí i. Mo ní kí ló dé? Ó ní àṣìṣe kì í sùn mọ́jú lára pátákó òun.

Èmi kò mọ ìṣirò, ìwọ náà mọ̀. Aṣọ rírán ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, mo fi ìka kan ibi tó fá, ó ti fẹ́lẹ́ bí aṣọ tí a wọ̀ gbó. Mo kà á láti òkè wá sílẹ̀. Ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni.

Má pariwo mọ́ ọn ṣá. Kò jẹun dáadáa láti ìgbà náà, kì í sì ṣe pé ó fẹ́ ṣe ọ́ ní ibi. Ọkùnrin yẹn kò lè rí àṣìṣe kó fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe bá a nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ,
Sarah


Kánádà,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo ti gbọ́ nípa abẹ. Ẹ má bínú sí ẹni tó sọ fún mi.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe? Ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí mi lánàá. Wọ́n ní tíṣà wa ti fi ẹ̀rí ránṣẹ́, ẹ̀rí náà sì fi hàn pé ohun tó tọ̀nà ni wọ́n kọ́ wa. Wọ́n wá bi mí pé, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin ni wọ́n kọ́ àwa méjèèjì, báwo ni àwa méjèèjì ṣe kọ méjì, bí kò bá ṣe pé ọ̀kan wo ti èkejì? Kí ẹ tó kọ lẹ́tà yẹn, wọ́n ṣì ń ṣiyèméjì. Ìwé yín ni wọ́n fẹ́ fi dá wa lẹ́bi báyìí, ẹ sì fi rúlà fa àlà sí i.

Àwòrán ohun tó wà lára ògiri ni mo bẹ̀ yín fún. Ta ló ní kí ẹ tún un ṣe? Àṣìṣe yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní láyé, ẹ sì fá a dànù.

Inú ń bí mi, Bàbá mi, mo sì mọ̀ pé ọmọ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń jẹ́ ọmọ yín, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí pé ẹ ṣe àṣìṣe. Bí àwa bá ṣe é, ìgbà ogún ni. Bí ẹ̀yin bá ṣe é, abẹ ni.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n sún ìjókòó náà síwájú. Wọ́n sún un di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọ́n ní kò sí àfikún mọ́. Àhmádù ti sọ fún ìyá rẹ̀. Ó tún ní òun kúkú máa gbà pé òun ló wo ìwé mi, kí n lè bọ́ nínú rẹ̀. Mo ní kó má dán an wò. Ọmọ tí kì í kí mi ló fẹ́ gba ẹ̀bi kú nítorí mi, bàbá tó bí mi kò sì lè gba èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ̀dà àtijọ́ kan bá wà níbikíbi, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ kọ́ rí, ẹ bá mi wá a.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí


Kánádà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti kọ̀wé, n kò gbúròó yín. Mary ní ẹ kò yà sí ṣọ́ọ̀bù òun láti ìgbà tí ẹ ti gba lẹ́tà náà. Mo pe Màmá, wọ́n ní ẹ ń jáde láàárọ̀, ẹ kì í sì wọlé títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ kò sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn yín, ẹ bá mi wí lẹ́yìn ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Màá kúnlẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlá ló kù, ìdákẹ́ yín sì ń dùn mí ju ìbínú yín lọ.

Ọ̀pẹ́


Òmù-Àrán,
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí,

Mo ti rí i. Mary ya àwòrán rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ yín pẹ̀lú lẹ́tà mi. Ẹ̀dà méjèèjì wà pẹ̀lú èyí.

Èsìẹ́ ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti kó ìwé àtijọ́ ilé ìwé náà dà sínú yàrá kan, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Mo lọ bá Láńre ní Òmùpo, ẹni tó ṣe ipò kìíní ní ọdún 2003. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi ní mọ́ọ̀tì mu, ó wá ní ìyá òun ti fi nótì yẹn wé àkàrà tà tipẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Bàbáńlá, òjò pa mí lọ, ó pa mí bọ̀, ẹni tí mo ń wá ti kó lọ sí Èkó. Gbogbo ibi tí mo dé ni wọ́n ti ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ìwé àtijọ́ ṣe. Nítorí etí mi, kíké ni wọ́n ń ké ìbéèrè náà, èmi náà a sì ké ìdáhùn, gbogbo àdúgbò a gbọ́. Mo ti sọ ọ́ ní àdúgbò mẹ́fà báyìí pé Tíṣà Adéyanjú kọ́ ọmọ ní ohun tí kò tọ̀nà.

Mo fi Àrán-Ọ̀rin kẹ́yìn nítorí ojú ń tì mí láti rí Nímọ́tà. Ọmọ rẹ̀ wà nínú wàhálà nítorí mi. Kò bú mi. Ó wọ yàrá, ó gbé àpótí jáde, ìwé nótì rẹ̀ ti ọdún 1996 wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ti ìdánwò. Ó ní òun ti fi kọ́ Àhmádù nílé kó tó máa wá fún lẹ́sìn. Mo ṣí i. Ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, méjì. Bírò pupa tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo máàkì í pé ó tọ̀nà, mo tún kọ "Ó dára púpọ̀" sábẹ́ ewé náà.

Ọdún 1987 ni mo da ìlà yẹn kọ lójú pátákó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà kan. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Ìdánwò kì í sábà béèrè rẹ̀, àwọn ọmọ kò sì yẹ̀ mí wò. Nígbà tí mo kọ sí ọ pé mẹ́rin ni, ọ̀rọ̀ olùkọ́ yín ni mo tún sọ, n kò tíì wo ògiri. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó lọ ju ogún ọdún lọ.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, kí ló dé tí o kò yẹ ìlà náà wò kí o tó lò ó? Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gbà ọ́. A kì í gbé ohun tí wọ́n fún wa mì láìjẹ ẹ́.

Bàbá rẹ,
Adéyanjú


Kánádà,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrìn, ẹ kú òjò. Ẹ bá mi dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ Àǹtí Nímọ́tà.

Wọ́n jókòó lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n gbé ewé ìwé Àǹtí sójú ògiri pẹ̀lú iná, ó tóbi, bírò pupa yín hàn ketekete. Olórí ìgbìmọ̀, ìyá àgbà kan, ka lẹ́tà yín sókè. Ó wá ní kí n wọ yàrá kan, kí Àhmádù wọ òmíràn, kí kálukú ka ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n bó ṣe mọ̀ ọ́n. Bákan náà la kà á, àní ibi tí ẹ máa ń mí sí, a mí síbẹ̀. Wọ́n ní kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà.

Olùkọ́ wa fún wa ní òdo lórí ìbéèrè kẹta. Ìyẹn tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méje la kò fi wọ kíláàsì, ìdánwò méjì sì ti kọjá láàárín rẹ̀, wọn kò ní ṣe é fún wa mọ́. Èmi àti Àhmádù máa tún kálkúlọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀. Sáà kan gbáko ti ṣòfò. Ó yẹ kí inú mi dùn pé wọn kò lé mi, inú mi kò sì dùn.

Mo ka lẹ́tà tí ẹ kọ sí ìgbìmọ̀. Lẹ́tà tó dára ni. Ẹ gbà pé àṣìṣe yín ni, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olùkọ́ wa tí ẹ kò mọ̀ rí. Mo wá ka tèmi. Ìbéèrè ni mo bá nínú tèmi, pé kí ló dé tí n kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó dáa, màá dáhùn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo bi yín nínú lẹ́sìn pé báwo la ṣe mọ̀ pé ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n tọ̀nà. Àhmádù wà níbẹ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ẹ ní mo fojú di yín. Ẹ ní kí n dìde dúró títí lẹ́sìn fi parí, kí n sì kọ ìlà náà nígbà ogún. Mo kọ ọ́, Bàbá mi. Méjì ni mo kọ nígbà ogún yẹn, ẹ sì máàkì gbogbo rẹ̀ pé ó tọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti yẹ nǹkan yín wò mọ́.

N kò fi ìjà kọ ọ́. Ó ti sú mi ni. Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ tọ́jú orúnkún yín.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí


Òmù-Àrán,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Igbe, 2025

Ọ̀pẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ wà dáadáa, ó kí ọ. Ìgbà mẹ́rin ni mo ka lẹ́tà rẹ. N kò máàkì í.

Mo rántí ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé n kò rántí, ìyá rẹ ló wò mí lójú. Fìríìjì ni mo ní kí o dúró tì, o sì ń wo ilẹ̀. N kò mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ, Ọ̀pẹ́. Mo mọ ìlà náà lórí, n kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ̀rù bà mí pé àwọn ọmọ tó kù á mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní o fojú di mí.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá mo lọ sí ilé ìwé ní Èsìẹ́, mo bẹ ọ̀gá wọn kó jẹ́ kí n rí àwọn ọmọ SS3. Mo kọ ìlà náà sójú pátákó bí mo ṣe fi kọ́ àwọn ìyá àti bàbá wọn. Mo wá fi hàn wọ́n ibi tí kò ti tọ̀nà, àti bí wọ́n ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jannat nawọ́, ó sọ̀rọ̀, n kò gbọ́. Mo ní kó wá kọ ọ́ sójú pátákó. Ó kọ ọ́ pé, "Sà, àwọn tí ẹ ti kọ́ ńkọ́?" Mo ní mò ń kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò tíì kọ ọ̀kan nígbà yẹn. Mo ti kó rẹjísítà àtijọ́ jáde báyìí, mo ń wá orúkọ wọn, Mary sì ní òun á bá mi wá àdírẹ́sì àwọn tó bá ṣeé rí.

Tìrẹ ni àkọ́kọ́ tí mo kọ.

Má bínú sí mi, Ọ̀pẹ́. Èmi ni mo ṣe é. Mo ṣe é ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì tún un ṣe pẹ̀lú abẹ.

Òfin mi kò yí padà. Wo ojú ewé kejì lẹ́tà yìí. Ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n wà níbẹ̀ nígbà ogún, mẹ́rin ni mo fi pín nínú gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́. Mú bírò pupa, kí o máàkì í fún mi. Bí o bá rí èyí tí kò tọ̀nà nínú wọn, fi hàn mí. Abẹ kò sí nílé mọ́.

Bàbá rẹ,
Adéyanjú